Òkìtì Tí Kì í Gba Bàtà

Ìkọ̀yà, nítòsí Òkìtìpupa
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kìíní, 2024

Fúnmilọ́lá ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ọdún tuntun, mo kí ọ kú òtútù. Wọ́n ní yìnyín ń bọ́ ní Paris. Níbí, ọyẹ́ ló gbòde. Ètè mi ti là bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n ẹnu mi ṣì ń ṣiṣẹ́, a dúpẹ́.

Mo rí ìkíni ọdún tí o fi ránṣẹ́ sórí Wasáàpù. Ó ń tàn yinrinyinrin, ó sì ń kọrin. N kò kà á sí lẹ́tà. Èmi yóò máa fi bírò kọ tèmi, n ó ya fọ́tò rẹ̀, n ó fi ránṣẹ́. Ìwọ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ ní ábídí kò gbọdọ̀ fi ọmọlangidi tó ń jó kí mi.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé nìyí. O rántí òkìtì ẹ̀yìn ilé ìwé wa, èyí tí a ń pè ní Òkìtì Àpáàdì? Ibẹ̀ ni mo máa ń kó yín lọ fún ẹ̀kọ́ sáyẹ́nsì, nígbà tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀kì nìkan ni wọ́n ń fún wa. Ẹ ó ṣa àpáàdì, ẹ ó tò ó bí ẹ ṣe rò pé ọjọ́ orí rẹ̀ rí, a ó sì jiyàn títí agogo yóò fi lù. Àpáàdì yẹn ni ìwọ fúnra rẹ fi kọ́ ìṣirò. Ohun tó gbé ọ dé Paris nìyẹn, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́.

Olóyè Vincent ti wá rí i pé iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ pupa, ó sì dára. Ó fẹ́ fi dí ilẹ̀ ibi tó ń kọ́ ilé epo sí. Típà rẹ̀ ti wá bù nínú ìdí òkìtì náà. Mo lọ bá a nílé. Ó ní, "Tíṣà, àpáàdì ni. Ta ló ń sunkún ìkòkò tó ti fọ́?"

Mo ní, "Olóyè, ìtàn ìlú wà nínú rẹ̀."

Ó ní kí n tètè kó ìtàn náà kúrò kí típà tó padà wá, nítorí òun kò nílò rẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ nìkan lòun fẹ́.

Ìwọ tí o wà ní àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo ohun àtayébáyé, jọ̀wọ́ bá mi béèrè lọ́wọ́ wọn: ṣé Ìkọ̀yà wà nínú àgbáyé yẹn, àbí ẹ̀yìn rẹ̀ la wà? Bí ẹ bá lè ṣọ́ ògiri àwọn ará Ṣáínà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, òkìtì kan ṣoṣo kò yẹ kó wọ̀ yín lọ́rùn.

O kò tíì wálé láti ìgbà tí a ti sin ìyá rẹ. N kò fi ṣe ẹjọ́ o. Mo kàn sọ ọ́ ni.

Èmi ni bàbá rẹ,
Adébọ̀wálé


Paris
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kejì, 2024

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ọyẹ́. Ẹ má bínú pé mo pẹ́, ìpàdé ló pọ̀. Bírò ni mo fi ń kọ ọ́ bí ẹ ṣe wí, ìka sì ti ń ro mí.

Mo gbé ọ̀rọ̀ òkìtì náà lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá mi, inú wọn sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n, Bàbá, ohun gbogbo ló ní ìlànà. Ìjọba wa nílé ni yóò kọ́kọ́ fi ìfẹ́ hàn. Lẹ́yìn náà ni ìgbìmọ̀ yóò ṣe àgbéyẹ̀wò. Lẹ́yìn ìyẹn ni onímọ̀ kan láti ilẹ̀ òkèèrè àti onímọ̀ kan láti ilé yóò jọ wá wo ibẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ bó ṣe yẹ, wọ́n lè dé ní ìparí ọdún, nígbà tí òjò bá ti dá. Ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú: bí òkìtì náà bá wọlé, ilé ìwé yóò ní yàrá sáyẹ́nsì, yóò ní maikirosíkóòpù, àwọn olùkọ́ láti orílẹ̀-èdè mìíràn yóò sì máa wá kọ́ àwọn ọmọ.

Nítorí náà, ohun tó ṣe kókó jù lọ ní ìpele yìí ni ìmúdúróṣinṣin àwọn alábàápín ọ̀rọ̀ ní ìpìlẹ̀ àwùjọ. Mo ti fi páálí kan ránṣẹ́ sí yín. Téèpù funfun onílà búlúù, èèkàn, àsíá kéékèèké àti pátákó ìkìlọ̀ méjì wà nínú rẹ̀, ọ̀kan lédè Gẹ̀ẹ́sì, èkejì lédè Faransé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi wọ́n yí òkìtì náà ká. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tẹ̀ ẹ́ títí àwọn onímọ̀ yóò fi dé.

Ẹ máa jẹun lásìkò, kí ẹ sì dín iyọ̀ kù.

Ọmọ yín,
Olúfúnmilọ́lá


Ìkọ̀yà
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹta, 2024

Fúnmilọ́lá,

Mo kí ọ kú ìpàdé, mo kí ìpàdé náà kú ìwọ.

Lẹ́tà rẹ dé, mo kà á, mo sì máàkì rẹ̀: mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Àmì ohùn rẹ pé. Ṣùgbọ́n mo gbé "ìmúdúróṣinṣin àwọn alábàápín ọ̀rọ̀ ní ìpìlẹ̀ àwùjọ" lọ sí ẹkù, mo kà á sí etí àwọn obìnrin tó ń fún epo níbẹ̀. Ìyá Ìjọ Aníwúrà sinmi ẹyìn tó ń gún. Ó ní irú àìsàn wo nìyẹn, ṣé ó máa ń ràn ni? Mo ní ohun tí ọmọ mi ń wí ni pé ká sọ fún àwọn ará ìlú. Ó ní, "Kí ló wá dé tí kò wí bẹ́ẹ̀?" Máàkì mẹ́rin tó kù wà lọ́wọ́ rẹ̀, lọ gbà á.

Nípa ti ìjọba tí yóò fi ìfẹ́ hàn, mo ti ń retí ìfẹ́ yẹn láti ìgbà tí mo ti ń kọ̀wé béèrè fún òrùlé kíláàsì.

Páálí dé láìfọ́. Èmi fúnra mi ni mo kan èèkàn, tí mo sì so téèpù. Pátákó Gẹ̀ẹ́sì dúró dáadáa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bá a lórí ilé adìyẹ ẹnì kan tí n kò ní dárúkọ. Ti Faransé ṣì wà. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń wí, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà wọ́n.

Lọ́jọ́ Ẹtì, típà Olóyè Vincent dé. Gideon, awakọ̀ rẹ̀, wo téèpù, ó wò mí, ó ní, "Bàbá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé rọ́bà yìí ló fẹ́ dá típà dúró?" Ó fi típà fèsì fún ara rẹ̀: ó gba àárín téèpù kọjá, ó bù ú kún, ó lọ. Mo tún un so.

Bí ó bá ń lọ báyìí, Fúnmi, kí àwọn onímọ̀ yín tó dé, kòtò ni wọn yóò wá dáàbò bò. Sọ ohun tí a ó ṣe fún mi, kí o sì sọ ọ́ ní èdè tí típà gbọ́.

Bàbá rẹ,
Adébọ̀wálé


Ìkọ̀yà
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹta, 2024

Fúnmilọ́lá,

Mo retí èsì títí, n kò rí i. Èmi ni mo tún ń kọ̀wé sí ẹni tí kò tíì dá mi lóhùn. Ìyá rẹ ì bá ní mo ti di arúgbó. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí, bí n kò bá rí ẹni sọ ọ́ fún, inú mi yóò bẹ́.

O mọ Wòlíì Ọmọ́túndé, ti ìjọ Aládùúrà tó wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà. Lọ́dọọdún ni Olúwa ń fi òkè pupa kan hàn án lójú ìran. N kò bá ìran náà jà. Kí ni kì í ṣe pupa nílẹ̀ Ìkálẹ̀? Lọ́dún yìí, ó fi kún un pé a fi ọ̀já funfun di òkè náà lámùrè. O sì mọ ìṣe wọn: ilẹ̀ tí a bá ti yà sọ́tọ̀ fún àdúrà, wọn yóò kan èèkàn yí i ká, wọn yóò fi funfun dè é, bàtà kò sì gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ìyá kan tó ń lọ sí ìsìn gba ẹ̀yìn ilé ìwé. Ó rí èèkàn. Ó rí funfun àti búlúù, àwọ̀ aṣọ àdúrà wọn gan-an. Ó rí àsíá tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ó rí pátákó tí a fi èdè tí kì í ṣe ti ayé yìí kọ. Ó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀, ó sì fi igbe "Mímọ́!" jí gbogbo wa.

Kí n tó jáde, bàtà ìjọ ti tò bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà. Wọ́n wà lórí ìkúnlẹ̀ yí téèpù ká. Wòlíì ń fi ìka tẹ̀lé ọ̀rọ̀ Faransé lára pátákó, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo súnmọ́ wọn. Mo la ẹnu láti wí pé, "Ẹ̀yin ará, láti Paris ni," ni a bá gbúròó típà.

Gideon ló ń wà á. Ìyá Ìjọ dìde, o sì mọ bí ó ṣe ga tó, ó lọ dúró níwájú rẹ̀.

"Gideon."

"Mà."

"Níbo lo dúró sí yìí?"

Gideon wo èèkàn, ó wo àwọn tó kúnlẹ̀. Ọmọ ìjọ lòun náà, ó kàn jẹ́ pé iṣẹ́ Olóyè kì í mọ ọjọ́ Ìsinmi. Ó ní, "Ó jọ ilẹ̀ mímọ́, mà."

"Ó jọ ọ́? Bọ́ bàtà."

Ó bọ́ ọ, ó jù ú sílẹ̀.

"Mọ́tò ńkọ́?"

"Mà?"

"Táyà ni bàtà mọ́tò. Kó bọ́ ọ kó tó wọlé."

Fúnmi, Gideon sọ̀kalẹ̀. Ó yí típà náà ká. Mo fi ojú ara mi rí i pé ó ń rò ó bóyá ó ṣeé ṣe. Nígbà tó yá, ó gun orí rẹ̀ padà, ó fi ẹ̀yìn rìn ín lọ tàdúràtàdúrà. Bàtà rẹ̀ ṣì wà níbi tó jù ú sí.

Mo mọ ohun tí o fẹ́ wí. Mo ti la ẹnu láti sọ òtítọ́, Ọlọ́run rí mi. Mo kàn tún un pa dé ni.

Bàbá rẹ tí a kò dá lóhùn,
Adébọ̀wálé


Paris
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹrin, 2024

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀. Ìpàdé kan gbé mi lọ sí Nairobi, ni mo padà bá lẹ́tà méjì. Mo rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ táyà náà títí àwọn tí a jọ wà ní ọ́fíìsì fi béèrè bóyá ara mi yá. N kò lè túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Lẹ́yìn náà ni ojú mi wálẹ̀.

Bàbá, èyí kò dáa. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹni tó mọ òtítọ́ tó sì dákẹ́ ti pa ìdajì irọ́. Iṣẹ́ sáyẹ́nsì la fẹ́ ṣe níbẹ̀, orúkọ mi ló sì wà lórí ìwé tí a fi gbé e wọlé. Bí àwọn ọ̀gá mi bá gbọ́ pé ìjọ kan ti gba ibẹ̀, wọn yóò ní ilẹ̀ ìjà ni, wọn kò sì ní rán ẹnikẹ́ni wá. Wọ́n ti pa ibòmíràn tì nítorí irú èyí. Òkìtì náà lọ nìyẹn, yàrá sáyẹ́nsì náà lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde láàárín ìjọ, kí ẹ sọ òtítọ́ fún wọn. Kí wọ́n gbé àdúrà wọn kúrò níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé mo ń pàṣẹ fún bàbá mi. Ẹ dárí jì mí.

Olúfúnmilọ́lá


Ìkọ̀yà
Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù Kẹrin, 2024

Fúnmilọ́lá ọ̀gá mi,

Mo ti jẹ́ iṣẹ́ tí o rán mi. Gbọ́ bó ṣe lọ.

Mo wọ aṣọ tí mo fi gba ìwé ìfẹ̀yìntì, mo lọ sí ìsìn. Wọ́n ní kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi ní àkókò ìjẹ́rìí. Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti bàjẹ́. Mo dúró, mo ní, "Ẹ̀yin ará, èmi ni mo kan èèkàn ìdí òkìtì. Ọmọ mi ló fi téèpù ránṣẹ́ láti ilẹ̀ Faransé. Èdè wọn ló wà lára pátákó. Ohun tó wí kò ju pé, ibi ìwádìí nìyí, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́."

Mo ní nínú ọkàn mi pé ó ti tán.

Ìyá Ìjọ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Bàbá Tíṣà, ta ló fi í sí ọmọ yín lọ́kàn?"

Mo ní, "Ọ́fíìsì rẹ̀ ni."

"Ta ló fi í sí ọ́fíìsì lọ́kàn?"

Kí n tó la ẹnu, Wòlíì ti dìde. "Bàbá, ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu yín sọ. Wọ́n ní kí a má ṣe tẹ̀ ẹ́. Kí ni Olúwa wí fún Mósè?"

Gbogbo ìjọ ní, "Bọ́ bàtà rẹ!"

"Ẹ sì wò ó," Wòlíì nawọ́ sí mi, "ẹni tí kì í wá sí ìsìn! Ta ló mú un wá jẹ́rìí lónìí?"

Halelúyà méje ni wọ́n kọ lé mi lórí. Wọ́n fi àbẹ́là lé mi lọ́wọ́. Obìnrin kan béèrè bóyá mo lè gbàdúrà fún orúnkún òun. Mo lọ sọ òtítọ́, mo darí sílé gẹ́gẹ́ bí ẹni ìmísí. Àìgbọràn kò sí nínú rẹ̀. Ohun tí òtítọ́ bá lọ ṣe lẹ́yìn tó bá ti kúrò lẹ́nu mi, kò sí nínú sílábọ́ọ̀sì.

Wàyí o, jẹ́ kí n fi àwàdà sílẹ̀ díẹ̀. Olóyè Vincent wá sílé mi. Kò jókòó. Ó ní òun ti mú Gideon kúrò lórí típà náà. Ó ní bí òjò bá ti dá, òun yóò gbé katakátá wá, awakọ̀ rẹ̀ yóò ti ibi tó jìnnà wá, kò sì ní jẹ́ ẹni tó ń gbàdúrà. "Tíṣà, n ó gbé òkìtì náà tìdítìdí, ìjọ á wá máa kúnlẹ̀ sí àlàfo."

Bí òjò bá dá, nínú àwọn onímọ̀ yín àti katakátá, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni òkìtì. Fi ìyẹn sínú ìlànà yín.

Bàbá rẹ,
Adébọ̀wálé


Paris
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹsàn-án, 2024

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òjò, ẹ kú sùúrù. Mo mọ̀ pé mo pẹ́. N kò fẹ́ kọ̀wé láìní nǹkan tí n ó sọ.

Wọ́n ti fọwọ́ sí i! Ọ̀jọ̀gbọ́n Ingrid láti Nọ́wè àti Dókítà Ayọ̀bámi, tó ń kọ́ni ní ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì wa nílé, yóò dé ní ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Kọkànlá. Mo sunkún nígbà tí mo rí ìwé náà.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà. Wọ́n gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ láìsí ìdíwọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá dá wọn dúró, wọn yóò kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ òkìtì náà yóò sì parí síbẹ̀. Bàbá, mo fi orí ìyá mi bẹ̀ yín, kí Ìyá Ìjọ má wà nítòsí lọ́jọ́ náà.

Èmi kò ní lè bá wọn wá. Wọ́n ní ọmọ ìlú kò lè wà lára àwọn tó ń yẹ ìlú rẹ̀ wò.

Ọmọ yín,
Olúfúnmilọ́lá


Ìkọ̀yà
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹsàn-án, 2024

Fúnmi,

O sunkún, o kò sì fi ọ̀rọ̀ gígùn bò ó. Mo fún ọ ní mẹ́jọ.

Kí Ìyá Ìjọ má wà nítòsí? Látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, òun nìkan ni òjò kò lé kúrò ní ìdí òkìtì. Tí mo bá lé e, katakátá ti wà lẹ́yìn ilé Olóyè Vincent, mo ti lọ wò ó. Tí n kò bá lé e, àwọn àlejò yín lè bínú lọ. Mo ti rò ó síhìn-ín, mo ti rò ó sọ́hùn-ún, n kò sì rí ọ̀nà.

Mo lọ bá a ní ẹkù. Mo ní àlejò ọmọ mi ń bọ̀ wá wo òkìtì. Ó ní, "Kí wọ́n máa bọ̀. Mo ti ń sun púpurú sílẹ̀ dè wọ́n." Mo ní, "Bàtà wọn ńkọ́, Ìyá Ìjọ?" Ó gbójú sókè wò mí, irú ìwò tí mo máa ń wo ọmọ tó béèrè bóyá èjì àti èjì lè jẹ́ márùn-ún ní ọjọ́ ọdún.

Sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ kó fọ ẹsẹ̀.

Bàbá rẹ


Ìkọ̀yà
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kọkànlá, 2024

Fúnmilọ́lá,

Ó ti ṣẹlẹ̀. Mu omi kí o tó kà á.

Wọ́n dé láàárọ̀, wọ́n wọ bàtà aláwọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orúnkún. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ingrid ga, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Dókítà Ayọ̀bámi kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé fáìlì mọ́ àyà, ó sì ń sọ Gẹ̀ẹ́sì tí òun náà ní láti dúró gbọ́ kó tó máa bá a lọ. A kò tíì kí ara wa tán tí mo gbọ́ ohùn katakátá láti ọ̀nà kejì. Olóyè Vincent jókòó sínú mọ́tò lẹ́yìn rẹ̀, ó fi agbádá kún gbogbo àga ẹ̀yìn.

Ìyá Ìjọ dúró láàárín àwọn méjèèjì. Ó gbé ọwọ́ kan sókè sí katakátá, ó gbé èkejì sí àwọn àlejò. "Bàtà."

Dókítà Ayọ̀bámi ṣí fáìlì. "Màdáámù, a ní àṣẹ."

"Àṣẹ ta ni?"

"Àṣẹ àjọ àgbáyé."

"Bí àgbáyé bá dé, òun náà á bọ́ bàtà."

Dókítà yọ bírò. Mo rí i pé ó fẹ́ kọ nǹkan sílẹ̀, mo sì mọ ohun tó fẹ́ kọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ingrid yíjú sí mi, ó ní kí ni ìyá wí. Ọmọ mi, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ tí mo tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ nìyẹn. Mo ní, "Ó ní ẹ káàbọ̀. Ó ní níhìn-ín, àtẹ́lẹsẹ̀ la fi ń kí ilẹ̀ tí a bá bọ̀wọ̀ fún."

Irọ́ ha wà níbẹ̀? Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ohun rere ni. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, sínú iyẹ̀pẹ̀ pupa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà. Dókítà dúró ti fáìlì rẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ń gòkè díẹ̀díẹ̀, nítorí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ ilẹ̀ wa. Nígbà tó dé ibi tí òjò ọdún yìí ti fọ iyẹ̀pẹ̀ lọ, ó dúró. Ó fi ẹsẹ̀ gbá a síwájú, ó gbá a sẹ́yìn. Lójijì, ó wó lulẹ̀ lórí orúnkún. Àwọn ìjọ ní ẹ̀mí ti gbé e, orin sọ. Ṣùgbọ́n ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá iyẹ̀pẹ̀ kúrò, ó sì ń pe Dókítà.

Dókítà Ayọ̀bámi na ọrùn. Ó rí i. Fúnmi, ó sọ fáìlì náà nù! Kò tú okùn, ó fa bàtà yọ tọ̀ọ̀, ó sáré gòkè bí ọmọ tó gbọ́ agogo ìsinmi.

Ilẹ̀ tí a tẹ́ ni. Àpáàdì ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, wọ́n fi etí wọn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ní ìlà, bí ìpẹ́ ẹja. Kì í ṣe ìkòkò tó fọ́ tí ẹnì kan dà nù. Ẹnì kan tò wọ́n, ní ìgbà tí kò sẹ́ni tó rántí mọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní bí òun bá wọ bàtà ni, òun ì bá ti rìn kọjá lórí rẹ̀. Ẹsẹ̀ òun ló rí i.

Mo wá rántí ohun kan, mo sì jókòó. Gbogbo ọdún tí mo fi kó yín lọ sórí òkìtì yẹn, ta ló ń na ẹni tó bá wá láìwọ sáńdà? Má dá mi lóhùn.

Olóyè Vincent sọ̀kalẹ̀. Ó wo katakátá, ó wo fóònù gbogbo ìlú tó ti dìde tó ń ya fọ́tò. Mo ń retí ohun tí yóò wí. Ó gbé agbádá léjìká, ó bọ́ bàtà rẹ̀ níwájú fóònù wọn, ó ní, "Ẹ̀yin ará mi, ẹ jẹ́rìí mi. Látìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń ṣọ́ ibí yìí!" Ìyá Ìjọ fi Ìkálẹ̀ dá a lóhùn ní gbólóhùn kan. Mo ní ìtìjú láti kọ ọ́. Katakátá yí orí padà.

Púpurú tó fi dè wọ́n ni Ọ̀jọ̀gbọ́n jẹ, ó sì bù sí i.

Bàbá rẹ,
Adébọ̀wálé


Paris
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kejìlá, 2024

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ mọ́ ọn.

Ìròyìn wọn dé, ó sì dára. Ìjọba wa ti fi ọwọ́ sí i pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bù nínú òkìtì náà mọ́ nígbà tí ètò tó kù bá ń lọ. Àwọn ará Nọ́wè àti yunifásítì Dókítà Ayọ̀bámi ni yóò jọ kọ́ yàrá sáyẹ́nsì. Wọ́n fẹ́ kí ẹ̀yin kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ èyí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ingrid kọ òfin ibẹ̀ sílẹ̀ kí a tẹ̀ ẹ́ sára pátákó. Òfin kìíní: kò sí bàtà. Ó ní bàtà lè fọ́ àpáàdì. Ó ti wà lédè Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé báyìí. Mo túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Mo sọ ọ́ bí Ìyá Ìjọ ì bá ṣe sọ ọ́.

Àwọn ọ̀gá mi béèrè bí a ṣe mú ará ìlú dúró ṣinṣin. Mo ní a sọ fún wọn ni.

Bàbá, mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Oṣù Kìíní ni mo ń bọ̀. Kí ni kí n rà wá fún yín? Bàtà aláwọ kan wà níbí tó wù mí fún yín. Ṣé ẹsẹ̀ yín kò tíì yí padà?

Olúfúnmilọ́lá


Ìkọ̀yà
Ọjọ́ ogún, oṣù Kejìlá, 2024

Fúnmilọ́lá ọmọ mi,

Mẹ́sàn-án. Ọ̀kan tó kù wà nílé, n kò ní fi fóònù ránṣẹ́.

Mo ka lẹ́tà rẹ létí sàréè ìyá rẹ. N kò gbọ́ kí ó ṣàtakò. Ìyá Ìjọ ní òun yóò pàdé rẹ lọ́nà, mo sì bẹ̀ ọ́, nígbà tó bá ń fọwọ́ tọ́ka sí ẹsẹ̀ rẹ, má ṣe mú ìwé ọ́fíìsì yọ.

Má ra bàtà. N kò mọ ibi tí n ó wọ̀ ọ́ lọ mọ́. Má sì di páálí kankan. Páálí kò gun òkìtì rí.

Ẹsẹ̀ rẹ ni kí o mú bọ̀.

Bàbá rẹ